Ìwé Ìrìn-àjò gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí nínú Ìtàn Yorùbá: Ohun tí Clapperton Rí ní Ọ̀yọ́ Ilé

Ní oṣù kìíní ọdún 1826 ni Hugh Clapperton, ará Scotland tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán níṣẹ́, gba Àgbádárìgì wọ Ọ̀yọ́ Ilé pẹ̀lú Richard Lander, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó lé ní oṣù kan tí wọ́n fi wà lọ́dọ̀ Aláàfin Májòtú. Clapperton kú nítòsí Ṣókótó ní 1827. Lander ni ó gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ délé, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní 1829. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, láàárín ọdún 1830 sí 1840, ni Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro. Ìwọ̀nba ni àkọsílẹ̀ tí ẹni tí ó fojú ara rẹ̀ rí ìlú náà fi sílẹ̀. Àwọn arọ́kin a máa to orúkọ àwọn Aláàfin léra, ṣùgbọ́n wọn kì í ka ọdún mọ́ ọn. Ìwé yìí ni ó jẹ́ kí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé Májòtú wà lórí oyè ní 1826.

Ibi tí ìwé náà ti wúlò jù lọ ni ti eré tí Clapperton wò níwájú ààfin ní oṣù kejì ọdún náà. Ó rí àwọn tí ó wọ àpò, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń tàkìtì. Ó rí òjòlá tí ó jáde láti inú àpò. Lẹ́yìn náà ni òyìnbó yọ, funfun báláú, tí ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, tí ó ń fa aáṣáà símú, tí ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Àwọn ènìyàn ń yíjú sí àlejò náà léraléra láti mọ̀ bóyá ó gbádùn rẹ̀. Ó ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Lórí ẹ̀rí yìí ni Joel Adédèjì, nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969, fi fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé eré alárìnjó ti gbilẹ̀ ní Ọ̀yọ́ kí ìjọba òyìnbó tó dé.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Clapperton kò gbọ́ Yorùbá. Katunga tí ó pe ìlú náà, orúkọ tí àwọn Haúsá ń pè é ni. Eré lásán ni ó ka ohun tí ó wò sí. Ẹni tí ó bá mọ egúngún apidán mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ó bẹ̀bẹ̀ láti lọ wo odò Ọya, Aláàfin ní ọ̀nà kò dára, kò sì jẹ́ kí ó lọ. Ohun tí olùgbàlejò bá ṣí sílẹ̀ ni arìnrìn-àjò ń rí.

Ó tún kọ ọ́ pé àwọn ìyàwó ọba ni òun ń pàdé lójú ọ̀nà, tí wọ́n ru ẹrù òwò. Nǹkan méjì ni ó wà nínú gbólóhùn yìí, ó sì yẹ kí a yà wọ́n. Pé obìnrin ru ẹrù, ojú ni ó fi rí i. Pé ìyàwó ọba ni wọ́n, ẹnu ògbufọ̀ ni ó ti gbọ́ ọ. Ayaba ní ààfin Ọ̀yọ́ sì kó àwọn olóyè obìnrin àti àwọn tí ọba jogún mọ́ra, kì í ṣe ẹni tí ó ń bá ọba sùn nìkan. Ẹni tí ó bá gbé gbólóhùn náà bí ó ṣe wà yóò sọ Aláàfin di oníwọ̀ra lásán, yóò sì pàdánù ètò òwò ààfin tí ó fara pamọ́ síbẹ̀.

Ìtẹ̀jáde tuntun tí Jamie Bruce Lockhart àti Paul Lovejoy ṣe ní 2005 láti inú ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ ti jẹ́ kí a lè fi ohun tí ó kọ wé ohun tí a tẹ̀ ní 1829. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ọba kọrin láàárín eré náà, gbogbo èrò sì gbè é. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú orin náà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí Ọ̀yọ́ rò nípa òyìnbó ní 1826, ọwọ́ òyìnbó tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ gan-an ni a ti gbà á.