Ìbọn Ṣakabùlà lọ́wọ́ Ọdẹ Ilẹ̀ Yorùbá, 1820–1969: Àyẹ̀wò Ìdí Tí Wọ́n Fi Yàn Án

1. Ìfáárà

Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí àwọn òpìtàn ti ṣe lórí ìbọn nílẹ̀ Yorùbá, ogun ni ó gba iwájú. J. F. Ade Ajayi àti Robert Smith, nínú ìwé wọn lórí ogun jíjà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èyí tí ó jáde ní 1964, ṣàlàyé bí ìbọn ṣe yí ètò ogun padà, wọ́n sì tẹ ìròyìn tí ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Jones kọ ní 1861 nípa ọmọ ogun Ẹ̀gbá mọ́ ọn. Ní 1977, J. E. Inikori ṣírò rẹ̀ pé láàrin 1750 sí 1807, ìbọn tí ó wọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ́dọọdún tó 283,000 sí 394,000, ó sì fi hàn bí èyí ṣe so mọ́ òwò ẹrú. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí kò wúlò. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú wọn: ọdẹ tí ń fi ìbọn wá ẹran. Ogun Kírìjí parí ní 1893, àwọn jagunjagun sì padà sílé. Ọdẹ ní tirẹ̀ kò gbé ìbọn sílẹ̀.

Ìbéèrè tí bébà yìí fẹ́ dáhùn kò lọ́jú pọ̀. Ìbọn tí à ń ti ìdí kì ti dé ilẹ̀ Yorùbá kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Kí ló dé, nígbà náà, tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọdẹ fi di ṣakabùlà mú, ìbọn tí à ń ti ẹnu kì? Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni pé àìlajú ni, tàbí pé pàǹtírí tí Òyìnbó kò fẹ́ mọ́ ni wọ́n kó fún ènìyàn dúdú, tí òun náà sì gbà láìbéèrè. Èrò tí a gbé kalẹ̀ níhìn-ín yàtọ̀. Ọdẹ ní ìdí tí ó yè kooro fún yíyan ṣakabùlà, ìdí náà sì hàn nínú irú igbó tí ó ń dẹ àti nínú iṣẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ìlú rẹ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, òfin àwọn amúnisìn ti ṣe odi yí yíyàn náà ká, kò sì yẹ kí òpìtàn gbójú fo odi yìí.

2. Bí ìbọn ṣe dé ọwọ́ ọdẹ

Kí ìbọn tó dé, ọrun àti ọfà, ọ̀kọ̀, tàkúté àti ọ̀fìn ni ohun èlò ọdẹ. Àwọn Ìjẹ̀bú, tí ilẹ̀ wọn súnmọ́ etí òkun, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ní ìbọn ní ìwọ̀n tí ó pọ̀ tó láti yí ogun padà. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, sọ bí ìbọn Ìjẹ̀bú ṣe da àwọn ará Òwu láàmú nínú ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1820. Àwọn ará Òwu gbójú lé àgèdèǹgbé wọn, àgèdèǹgbé kò sì lè dé ibi tí ọta dé. Láti ìgbà náà lọ, ìbọn tàn kálẹ̀ láàrin àwọn ìlú òkè.

Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún ìbọn yìí wá láti ara àwọn oníṣòwò Dẹ́nmáàkì tí wọ́n ní ilé odi ní etí òkun ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana lónìí. Ṣùgbọ́n Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti rọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. Orúkọ náà ti di orúkọ irú ìbọn, kì í ṣe ti ilẹ̀ tí ó ti wá mọ́. Orúkọ tí Yorùbá ń pè é ni ṣakabùlà.

Kò yẹ kí a rò pé ìbọn ogun yàtọ̀ sí ìbọn ọdẹ ní ìgbà náà. Ọdẹ ni àwọn ológun máa ń rán ṣáájú láti ṣe amí, nítorí pé òun ni ó mọ ipa ọ̀nà inú igbó. Ìbọn tí ó fi pa ìgalà lónìí ni yóò gbé lọ sójú ogun lọ́la. Nígbà tí ogun parí, igbó ni ìbọn padà sí.

3. Igbó, ẹran àti iṣẹ́ inú ìbọn

Láti mọ ìdí tí ṣakabùlà fi bá ọdẹ mu, ó yẹ kí a mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ yìn ín yóò da ẹ̀tù sí i láti ẹnu, yóò fi àkísà tàbí ìhá dí i, yóò sì fi ọ̀pá gún un kí ó le. Lẹ́yìn èyí ni yóò kó ọta sí i, tí yóò sì tún dí i lẹ́ẹ̀kejì kí ọta má bàa yọ́ dànù. Yóò wá da ẹ̀tù díẹ̀ sínú àwo kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ọ̀pá ìbọn. Nígbà tí ó bá fà á, òkúta yóò ṣá irin, iná yóò ta sí ẹ̀tù inú àwo, yóò sì gba ihò tín-ín-rín wọlé lọ bá èyí tí ó wà nínú. Inú ọ̀pá náà ń dán gbọọrọ ni. Kò ní ìlà tí ń mú ọta yí bí ó ti ń jáde. Nítorí náà, bí ẹran bá ti jìnnà ju nǹkan bí 50 sí 70 mítà lọ, ọwọ́ orí ni ó kù.

Lójú ológun, àbùkù ńlá ni èyí. Nínú igbó kìjikìji Oǹdó tàbí Ìjẹ̀ṣà, kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ àbùkù, nítorí pé ojú kì í ríran jìnnà tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ọdẹ òru pàápàá ń súnmọ́ ẹran gan-an. Nígbà tí àtùpà kábáàdì tí à ń so mọ́ iwájú orí dé ní ọ̀rúndún ogún, ojú ẹran tí ó ń tàn nínú òkùnkùn ni ọdẹ ń wò kí ó tó yìnbọn. Ìbọn tí ó lè pa ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn kò ní iṣẹ́ kan tí yóò ṣe níbẹ̀ tí ṣakabùlà kò lè ṣe.

Àǹfààní kejì ni pé ìbọn kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ọdẹ lè kó ọta wẹ́wẹ́ sí i fún ọ̀yà àti ẹtu, ó sì lè kó irin tí ó tóbi sí i bí ó bá jẹ́ ìgalà tàbí ẹfọ̀n ni ó ń lépa. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wọn ẹ̀tù, òun ni ó ń yan ọta. Ọta ìbọn tí à ń ti ìdí kì kò fún un ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá ti ṣe é ni yóò lò ó.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ yin ṣakabùlà ju bí ó ti yẹ lọ. Bí òjò bá pa ẹ̀tù inú àwo, ìbọn kò ní dún. Iná tí ń kọ́ mọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó tó dún lè ta ẹran lólobó. Bí ọdẹ bá tàsé, ẹran yóò ti lọ, tàbí kí ó kọjú sí ọdẹ, kí ó tó kì í lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, ọ̀pá ìbọn lè bẹ́, kí ó sì gba ọwọ́ tàbí ojú ẹni tí ó yìn ín. Yorùbá kò ṣàdédé sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Èyí pẹ̀lú jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fi ṣe pàtàkì fún ọdẹ. Lásìkò yìí ni iná ti jó koríko ọ̀dàn, tí ẹran kò rí ibi sápamọ́ sí, tí ẹ̀tù náà sì gbẹ dáadáa.

4. Alágbẹ̀dẹ, ẹ̀tù àti ogún

Ìbọn kò parí síbi tí a ti rà á. Títọ́jú rẹ̀ ni iṣẹ́. Ibí yìí ni ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ohun kan lára ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ tí ó mọṣẹ́ kò lè tún ṣe: irin tí ń gbé òkúta, èyí tí ọwọ́ ń fà, àti igi ìdí ìbọn. Ní ọ̀rúndún ogún, àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ odindi ìbọn láti ara páìpù omi àti irin ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́. Ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ ń bọ Ògún pọ̀, ìlú kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Ìbọn tí ó bàjẹ́ ní àárọ̀ lè padà sí igbó kí oṣù tó lé.

Ìbọn Snider, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọlé ní 1866, wà lára èyí tí Èkìtìparapọ̀ fi bá Ìbàdàn jà. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó ni wọ́n ṣe ọ̀nà bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ ní ìdérí irin tí ẹ̀rọ ṣe, kò sì sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè rọ irú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yanturu. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ó ní alátìlẹ́yìn olówó ní Èkó lè máa bọ́ irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ọdẹ tí ó ń pa ẹtu méjì tàbí mẹ́ta lóṣù kò lè bọ́ ọ.

Ẹnì kan lè takò èyí pé ẹ̀tù náà láti òkè òkun ni ó ti ń wá. Òótọ́ ni. Èédú pọ̀ nílẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n imí-ọjọ́ àti iyọ̀ tí à ń pò mọ́ ọn kò pọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kò tọ̀nà láti sọ pé ọdẹ kò gbára lé ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó tọ̀nà ni pé ẹ̀tù ni ohun tí ó rọrùn jù láti rà nínú gbogbo ohun tí ìbọn nílò: wọ́n ń wọ̀n ọ́n tà, díẹ̀díẹ̀ ni a lè rà á, òfin sì fàyè gbà á.

Kókó kan tún kù tí àwọn tí ń ka iye ìbọn kì í kà. Ọdẹ púpọ̀ ni kò ra ìbọn rárá, tí ó jẹ́ pé wọ́n jogún rẹ̀. Bade Ajuwon, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìrèmọ̀jé tí ó jáde ní 1982, ṣe àlàyé ìṣípà ọdẹ, ètùtù tí àwọn ọdẹ ń ṣe láti yọ ẹni wọn tí ó kú kúrò nínú iṣẹ́. Níbi tí ohun èlò olóògbé bá ti nílò irú ètùtù bẹ́ẹ̀, ìbọn kì í ṣe ọjà lásán. Ọmọ tí ó gba ìbọn bàbá rẹ̀ gba ọ̀nà kíkì rẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀tù rẹ̀ àti àléébù rẹ̀ pẹ̀lú.

5. Odi òfin

Bí a bá dúró síbí, yóò dà bí ẹni pé ọdẹ nìkan ni ó dá ìpinnu náà ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní July 1890, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára fọwọ́ sí Àdéhùn Brussels. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fòpin sí òwò ẹrú, ṣùgbọ́n àdéhùn náà ka kíkó ìbọn ìgbàlódé wọ apá ńlá Áfíríkà léèwọ̀. Ohun tí ó yọ sílẹ̀ ni ìbọn olókùúta tí inú rẹ̀ ń dán, àti ẹ̀tù lásán. Ẹni tí ìjọba bá fọkàn tán nìkan ni ó lè gba ìyọ̀ǹda fún èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Bí a bá gbé ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ète òfin náà hàn kedere. Wọ́n fi ìbọn tí ó tó pa ìgalà sílẹ̀ fún ènìyàn dúdú, wọ́n sì mú èyí tí ó lè dá amúnisìn dúró kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 pa ìpín yìí mọ́: ó to ìbọn tí à ń ti ẹnu kì sí ọ̀wọ́ tirẹ̀, ó sì ya ìbọn ìgbàlódé tí à ń fi ṣọdẹ sí ọ̀wọ́ mìíràn. Ẹni tí ó fẹ́ ìbọn ẹlẹ́nu méjì ní láti ní owó, kí ó sì ní ẹni tí yóò gbè é lẹ́yìn lọ́dọ̀ ìjọba.

Àwọn tí ó ṣe òfin náà gbà pé ìbọn tí kò yá kò léwu. Ìṣẹ̀lẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 àti 1969 já irọ́ èrò yìí. Àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn dìde sí owó orí, ṣakabùlà sì wà lára ohun tí wọ́n gbé dání. Ìjọba fi tipátipá dín owó orí náà kù. Ìbọn tí òfin kà sí ohun èlò ẹran pípa padà di ohun tí a fi bá ìjọba sọ̀rọ̀.

6. Àfiwé kan

Òfin ti yan ìbọn fún ọdẹ ní ibòmíràn pẹ̀lú. Ní 1974, ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ya àkókò kan sọ́tọ̀ tí ó jẹ́ pé ìbọn olókùúta nìkan ni a lè fi dẹ àgbọ̀nrín ibẹ̀, ẹran tí kì í ṣe ẹbí kan náà pẹ̀lú èyí tí àwa ń pè ní àgbọ̀nrín. Ọdẹ ibẹ̀ náà ń yẹ òkúta wò, ó ń wọn ẹ̀tù, ó sì ń bẹ̀rù òjò. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ìbọn ìgbàlódé ń bẹ nílé rẹ̀. Nígbà tí àkókò náà bá parí, yóò padà sí i. Ìdárayá ni ìṣòro tí ó gbà fún ara rẹ̀. Ọdẹ Yorùbá kò ní ilé mìíràn tí yóò padà sí. Nítorí náà, kì í ṣe irú ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn ni a fi ń mọ bí ó ti lajú tó. Ohun tí ó yẹ kí òpìtàn kọ́kọ́ béèrè ni ohun tí wọ́n gbà á láyè láti yàn.

7. Àgbálọgbábọ̀

Bébà yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé ṣakabùlà kò wà lọ́wọ́ ọdẹ Yorùbá nítorí àìmọ̀. Ó bá igbó àti òkùnkùn mu, ó gba ọta ńlá àti kékeré, alágbẹ̀dẹ ìlú lè tún un ṣe, bàbá sì lè fi sílẹ̀ fún ọmọ. Àléébù rẹ̀ pọ̀, ọdẹ sì mọ̀ wọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé ara rẹ̀ ni ó fi ń san gbèsè wọn. Ṣùgbọ́n láti 1890, òfin tí ọdẹ kò bá wọn ṣe ti dín ohun tí ó lè yàn kù. Ọgbọ́n ọdẹ àti odi òfin ni ó jọ mú kí ṣakabùlà pẹ́ nílẹ̀ yìí. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn tí ó ń bọ̀ ni láti lọ bá àwọn àgbà ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ, ìlú sí ìlú, nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀. Nítorí ìwé ìjọba lè sọ iye ìbọn tí ó gba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìdí tí ọdẹ fi gbé èyí tí ó gbé.