Ẹni Tí Ń Bá Aláìsàn Délé

Ní ọdún 1895, ní ilé ìwòsàn Royal Free ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ń wá gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan sì ń fura pé àwọn tí ó lówó lọ́wọ́ wà láàárín wọn tí ń fi ara wọn ṣe tálákà. Láti dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà ni a ṣe gba obìnrin kan tí ń jẹ́ Mary Stewart, fún ìdánwò oṣù mẹ́ta, kí ó máa wádìí ipò olúkúlùkù. Ká sọ òtítọ́, iṣẹ́ oníbodè ni.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ń bi aláìsàn léèrè owó tí ń wọlé fún un yóò gbọ́ ohun tí dókítà kì í sábà gbọ́: ta ni ń bọ́ àwọn ọmọ nílé, ènìyàn mélòó ni ń sùn nínú yàrá kan. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìrànlọ́wọ́ borí ìṣọ́nà nínú iṣẹ́ náà.

Ní Boston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dókítà fúnra rẹ̀ ni ó wá irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Richard Cabot rí i pé kò sí àǹfààní nínú kí a ní kí aláìsàn sinmi, kí ó sì máa jẹ oúnjẹ tí ó dára, nígbà tí kò ní owó oúnjẹ náà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì sùn lébi bí kò bá lọ síbi iṣẹ́. Ní ọdún 1905, ó mú nọ́ọ̀sì kan, Garnet Pelton, wá sí Massachusetts General Hospital. Igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ fi mú òun náà, Ida Cannon sì gba ipò rẹ̀. Ó di ọdún 1919 kí ilé ìwòsàn náà tó gba ẹ̀ka wọn bí tirẹ̀.

Irú iṣẹ́ yìí kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ń ṣe ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá Nàìjíríà lónìí. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 ya owó kan sọ́tọ̀ fún àwọn aláìní, síbẹ̀ àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ṣì ń tú. Ara ẹlòmíràn ti yá, gbèsè ni kò jẹ́ kí ó kúrò lórí ibùsùn. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ni yóò bẹ àwọn aláṣẹ fún ẹ̀dínwó, tí yóò wá ẹbí rẹ̀ kàn, tí yóò sì tọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí lọ. Kí ó tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn, yóò kọ́kọ́ jókòó ti aláìsàn náà, yóò sì bi í ní ohun tí a rán Stewart láti bèèrè: èló ni ń wọlé fún yín?