Amos Tutùọlá: Ìránṣẹ́ Ọ́fíìsì Tí Kò Jáwọ́ Nínú Ìwé Kíkọ

Ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní abala ìtàn lẹ́ẹ̀kan yìí kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe jagunjagun. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ni, ẹni tí ń gbé fáìlì láti orí tábìlì ọ̀gá kan lọ sí orí tábìlì ọ̀gá mìíràn. A mú un nítorí pé àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán nínú ilé wa lẹ́yìn odi. Ọmọ á ní òun fẹ́ máa yàwòrán, tàbí kí òun máa kọ ìtàn, bàbá àti ìyá á ní kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà tàbí ti lọ́yà ná. A kò ní dá ẹjọ́ náà níbí. Ìtàn ni a fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ó kan àwa tí a wà ní ìlú òyìnbó ju bí ọ̀pọ̀ wa ti rò lọ.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Amos Tutùọlá sí ní 1920. Àgbẹ̀ oníkòkó ni àwọn òbí rẹ̀, onígbàgbọ́ sì ni wọ́n. Owó ilé ìwé kò sí, ni wọ́n bá fi í sọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọba kan, ọmọ Igbo, pé kí ó máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún un, kí ọ̀gá náà sì máa sanwó ilé ìwé rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe wọ ilé ìwé Salvation Army ní 1934, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn ti ń jáde. Ó bá ọ̀gá rẹ̀ dé Èkó, ó kàwé díẹ̀ níbẹ̀, ó sì padà sílé. Ní 1939 bàbá rẹ̀ kú, ìwé kíkà sì parí síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ọdún mẹ́fà lọ. Ó gbìyànjú oko, oko kò gbè é. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, nígbà ogun Hitler ó sì ṣe alágbẹ̀dẹ bàbà fún àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì. Ogun parí, iṣẹ́ parí. Ó fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, kò bọ́ sí i. Ohun tí ó rí ṣe ni iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní ẹ̀ka ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó.

Ẹni tí ó bá ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé dídúró de ìpè ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wákàtí kan lè kọjá, kí méjì kọjá, kí aago ọ̀gá tó dún. Àwọn kan á máa tòògbé, àwọn kan á máa sọ̀rọ̀ ọ̀gá lẹ́yìn. Tutùọlá mú bébà àti pẹ́ńsù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ irú àlọ́ tí ó ti ń gbọ́ láti kékeré sílẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọ̀.

Ìwé tí ó kọ́kọ́ kọ parí dá lórí ọdẹ kan nínú igbó àwọn iwin. Ta ni yóò tẹ̀ ẹ́? Ó kọ lẹ́tà sí ilé ìtẹ̀wé kan ní London, Focal Press, pé òun ní ìtàn àwọn iwin inú igbó ilẹ̀ wa, àti fọ́tò wọn pẹ̀lú. Ìwé nípa fọ́tò yíyà ni iṣẹ́ àwọn Focal Press, ẹ lè ro bí ọ̀rọ̀ náà ti rí létí wọn. Nígbà tí ẹrù dé, wọ́n rí i pé àwòrán tí a fi ọwọ́ yà ni a tún yà ní fọ́tò. Ó pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré báyẹn ti wá ẹni tí yóò ya àwòrán, ó wá bí a ó ṣe yà wọ́n ní fọ́tò, ó sì di gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ gba orí òkun kọjá sọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ rí. Wọ́n fún un ní owó díẹ̀ lórí ìwé náà, wọn kò sì tẹ̀ ẹ́. Ọdún 1982 ni ó tó jáde, ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú orúkọ The Wild Hunter in the Bush of the Ghosts.

Kò dúró dè é. Ó tún jókòó, ó kọ òmíràn láàrin ọjọ́ mélòó kan, ó sì fi oṣù mélòó kan tún un kọ. Ó rí ìkéde ẹgbẹ́ ìwé àwọn onígbàgbọ́ kan tí ó wà ní London, ó fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọn kì í tẹ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò jù ú nù. Wọ́n bá a wá òǹtẹ̀wé títí ó fi dé ọwọ́ Faber, ilé ìtẹ̀wé tí T. S. Eliot jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdarí rẹ̀. The Palm-Wine Drinkard jáde ní 1952.

Ọ̀mùtí kan ni ìtàn náà dá lé lórí, tí bàbá rẹ̀ fún ní oko tí ọ̀pẹ 560,000 wà nínú rẹ̀, àti adẹ́mu kan tí ń dá agbè ẹmu 150 fún un láàárọ̀ àti 75 nírọ̀lẹ́. Adẹ́mu já láti orí ọ̀pẹ, ó kú, ọ̀mùtí sì gbéra láti wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Irú àlọ́ báyìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ìyá àgbà tọ́. Èyí tí ó jẹ́ ti Tutùọlá fúnra rẹ̀ ni bí ó ṣe gbé ọ́fíìsì wọ inú igbó. Kí ọ̀mùtí àti ìyàwó rẹ̀ tó wọ ibi eléwu kan, wọ́n ta ikú wọn ní £70 18s 6d, wọ́n sì fi ìbẹ̀rù wọn yáni ní èlé £3 10s lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gba ìbẹ̀rù wọn padà, ṣùgbọ́n ikú ti di ti ẹlòmíràn, nítorí náà wọn kò lè kú mọ́. Àwa kò rò pé ọ̀mọ̀wé kan ní yunifásítì ìgbà náà lè ronú kan irú rẹ̀. Ẹni tí ń gbé ìwé owó àwọn ẹlòmíràn kiri ni ó lè rò ó.

Ní oṣù Keje ọdún yẹn, Dylan Thomas, akéwì ọmọ Wales, yin ìwé náà nínú ìwé ìròyìn Observer. Ní ọdún kejì rẹ̀ wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Amẹ́ríkà, Raymond Queneau sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé.

Nílé ńkọ́? Èyí ni apá tí ó kàn wá. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kàwé, nílé àti níbí, ni wọ́n bínú jù lọ. Ní 1954 lẹ́tà ẹ̀hónú jáde nínú ìwé ìròyìn West Africa tí wọ́n ń tẹ̀ ní London. Èrò àwọn tí ó kọ wọ́n ni pé kò yẹ kí a tẹ ìwé náà rárá. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kì í ṣe ti òyìnbó, kì í ṣe tiwa. Àwọn òyìnbó kàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, wọn yóò sì rò pé bí gbogbo wa ti rí nìyẹn. Kí a má parọ́, ìrora wọn yé wa. Ẹni tí ń wá yàrá ìgbé ní London ìgbà náà, tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, tí gbólóhùn tó já gaara sì jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ó fi ń bo ara rẹ̀, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé irú Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ jáde ní orúkọ ilẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ ìtìjú ni wọ́n fi ka ìwé náà, wọn kò fi etí gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá fi etí gbọ́ ọ ni, wọn ì bá gbọ́ Yorùbá nínú rẹ̀.

Tutùọlá kò bá wọn jà. Ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè dára sí i. A dúpẹ́ pé wọn kò rí i tún ṣe tán! Ó sì ń kọ̀wé lọ: My Life in the Bush of Ghosts ní 1954, òmíràn ní 1955, òmíràn ní 1958, òmíràn ní 1962. Àwọn òyìnbó tí ó ti ń pariwo orúkọ rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ bí ìwé náà ti ń pọ̀ sí i. Àwọn kan nílé ń sọ pé Fágúnwà ni ó ń wò kọ, nítorí pé Ògbójú Ọdẹ ti jáde láti 1938. Òótọ́ wà níbẹ̀ dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n odò àlọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ti pọnmi.

Kò fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀. Ní 1956 ó bọ́ sí iléeṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀ gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú sítọ́ọ̀, ibẹ̀ ni ó sì wà, ní Ìbàdàn, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àwọn àlejò tí ó wá láti òkè òkun láti rí òǹkọ̀wé olókìkí, inú sítọ́ọ̀ ni wọ́n ti ń bá a. Àwọn kan kà á sí àbùkù. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ wà: ẹni tí ó bú ìwé rẹ̀ kò lè gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀, ẹni tí ó yìn ín kò sì lè pàṣẹ ohun tí yóò kọ fún un. Lẹ́yìn ìwé rẹ̀ ti 1967, ọdún 14 kọjá kí ìwé tuntun mìíràn tó jáde, ní 1981. Lẹ́yìn náà ni 1986, 1987 àti 1990.

Kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó yí ọkàn padà, àwọn òṣèré ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1963 Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ọ̀mùtí náà sórí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní Yorùbá àti pẹ̀lú orin. Láńkẹ́ Ọ̀mùtí ni ọ̀pọ̀ àgbà wa mọ̀ ọ́n sí títí dòní. Ní 1979 Yunifásítì Ifẹ̀ pe Tutùọlá láti wá ṣe olùwádìí àlejò, òun tí kò kàwé kọjá ọdún mẹ́fà. Ní 1981 àwọn olórin méjì, Brian Eno àti David Byrne, mú orúkọ ìwé rẹ̀ kejì sọ àwo orin wọn. Ó kú ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, 1997.

The Palm-Wine Drinkard ṣì wà lọ́jà, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé. Kò nípọn. Bí ẹ bá fẹ́ kà á fún àwọn ọmọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi arẹwà ọkùnrin inú ọjà, ẹni tí ó yá gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, tí ó ń dá wọn padà fún àwọn tí ó ni wọ́n lójú ọ̀nà títí ó fi ku agbárí nìkan. Bí ìyá àgbà bá wà nílé, ẹ jẹ́ kí òun náà jókòó tì yín, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó ti mọ ìtàn náà, kí ó sì fẹ́ já a gbà lẹ́nu yín.