Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ìtàn Èdè Gẹ̀ẹ́sì Òwò àti Iṣẹ́ Láàrin Wa

Lọ́dọọdún, bí ìdánwò baccalauréat bá ti ń sún mọ́lé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Bassila àti ní Manigri a máa bẹ̀ wá pé: «Olùkọ́, ẹ fún wa ní àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, kí a há wọn sórí.» Ẹ̀bẹ̀ náà kò burú. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun yóò wá iṣẹ́ lọ́la ni ó ń bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó fún wọn ní ọ̀rọ̀, ó yẹ kí a sọ ìtàn fún wọn, nítorí ẹni tí kò mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà wọlé kò lè mọ bí yóò ṣe lò ó nígbà tí ó bá jáde.

Ìlú wa kì í ṣe ìlú tí ó jìnnà sí òwò. Ní ìpínlẹ̀ Donga ni Bassila wà, ẹnu ààlà Togo kò sì jìnnà sí i. Bassila gan-an ni ilé àwọn Anii. Ní Manigri, èdè Nàgó tiwa ni a ń sọ, èyí tí àwọn ará Kambolé ní Togo náà ń sọ. Kí òyìnbó tó dé, àwọn oníṣòwò obì máa ń ti ilẹ̀ Haúsá gba Djougou kọjá lọ sí Salaga, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Èdè Haúsá ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn fi ń ná ọjà. Ọ̀nà òwò àti ọ̀nà ẹ̀sìn bẹ́ẹ̀ ni irú ọ̀rọ̀ bí àlùbáríkà gbà wọ inú èdè wa. Nítorí náà, kíkọ́ èdè ẹlòmíràn nítorí òwò kì í ṣe nǹkan tuntun fún wa. Àwọn baba wa ti ṣe é, wọn kò sì torí rẹ̀ gbàgbé tiwọn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn òyìnbó fa ààlà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje 1897, Faransé àti Jámánì fẹnu kò lórí ààlà Togo àti Dahomey. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 1898, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lórí ààlà ìlà-oòrùn, èyí tí ó di ti Nàìjíríà. Bí a ṣe pín ọmọ ìyá sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì di èdè ọ́fíìsì fún àwọn kan, Faransé sì di tiwa.

Ní ọ̀dọ̀ àwọn tí ó bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ òwò àti ọ̀rọ̀ ìwé ni ó jọ wọlé. Wọ́n mú Samuel Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó sì dé Freetown ní 1822. Ní 1843 ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ní ìdojúkọ ara wọn. Ní 1859, oṣù Kejìlá, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Kò pẹ́ tí ó fi ní abala Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Àwa tí a ń tẹ ìwé yìí ní èdè méjì, ọ̀nà àtijọ́ ni a ń tọ̀. Ní ọdún 1859 kan náà ni wọ́n dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó. Láti irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn akọ̀wé ti jáde, tí wọ́n ń ka ẹrù ní èbúté, tí wọ́n ń kọ gbèsè àti èrè sínú ìwé fún àwọn ilé òwò ńlá.

Ẹ wo bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe gba ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n sọ owó Gẹ̀ẹ́sì di ṣílè, sísì, tọ́rọ́ àti kọ́bọ̀. Copper ni wọ́n yí sí kọ́bọ̀. Nígbà tí Nàìjíríà pa owó Gẹ̀ẹ́sì tì ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973, orúkọ tí ẹnu ọlọ́jà ti tún ṣe yìí gan-an ni ìjọba fi sọ owó kékeré rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò níbẹ̀. Ẹni tí àpò owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni akápò. Ẹni tí ó dúró fún onígbèsè ni onígbọ̀wọ́. A ní àwìn, a ní èlé, a ní èrè àti òfò. Ẹ̀kọ́ kan nìyí: àwọn baba wa kò gba ọ̀rọ̀ kan láìjẹ́ pé ó ní iṣẹ́ tí ó wá ṣe.

Ọ̀rọ̀ tiwa náà sì rìnrìn àjò. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé èsúsú. Orúkọ náà bá àwọn ènìyàn wa sọdá òkun: ní Trinidad títí di òní, susu ni wọ́n ń pe irú àjọ owó bẹ́ẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì wọn. Ohun tí Faransé ń pè ní tontine nìyẹn. Ẹni tí ó bá rò pé òwò kò ní èdè ní ilé wa, kí ó rántí èyí.

Ní apá tiwa, òfin 1922 fi dandan lé e pé Faransé ni kí wọ́n máa fi kọ́ni ní ilé-ìwé. Síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò jìnnà. Àwọn ará Dahomey lọ ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, àwọn mìíràn sì wà nínú àwọn tí àṣẹ oṣù Kọkànlá 1969 lé kúrò ní Gánà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 1975, ní Èkó, wọ́n dá CEDEAO sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé wà lára èdè ìṣiṣẹ́ rẹ̀. Lónìí, ọmọ Manigri tí ó ń bá Nàìjíríà ṣòwò, tàbí tí ó ń wá iṣẹ́ ní èbúté Kútọnu, yóò pàdé Gẹ̀ẹ́sì bí ó fẹ́ bí ó kọ̀.

Ibi tí ewu wà nìyí: láti inú Faransé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń wo Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀rọ̀ kan sì jọra lójú tí inú wọn kò jọra. Bénéfice Faransé ni èrè. Benefit Gẹ̀ẹ́sì ni àǹfààní. Société lè jẹ́ iléeṣẹ́. Society ni àwùjọ. Actuellement ni lọ́wọ́lọ́wọ́. Actually ni ní òdodo. Billion Gẹ̀ẹ́sì ni milliard Faransé. Ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ni billion Faransé. Ẹni tí ó bá ṣi èyí lò nínú ìṣirò owó ti bọ́ sínú kòtò. Akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ kan kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan. Demander, èyí tí í ṣe béèrè, ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Demand ni ó kọ, bí ẹni tí ó ń fi agbára gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Wọn kò dá a lóhùn. A kò lè búra pé ọ̀rọ̀ kan yìí ni ó fà á, ṣùgbọ́n nígbà tí a jọ ka lẹ́tà náà, ojú tì í, ojú sì ti àwa tí a kọ́ ọ. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. A ti kọ́ ọmọ náà ní ọ̀rọ̀, a kò kọ́ ọ ní ìwọ̀n rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni a ti yí ọ̀nà padà. A ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan dìde níwájú kíláàsì, kí ó ṣàlàyé èsúsú fún àlejò tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí: ènìyàn mẹ́wàá, 1.000 fráǹkì lọ́sẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, 10.000 fún ẹni tí ó kàn. Ta ni yóò kọ́kọ́ kó o? Bí ẹni tí ó ti kó tirẹ̀ bá sá lọ ńkọ́? Ní Nàgó tàbí ní Anii ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, lẹ́yìn náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni wọ́n ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa: kí ni wọ́n ń pe ìdáwó, kí ni wọ́n ń pe onígbọ̀wọ́, kí ni wọ́n ń pe ẹni tí kò san? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ẹnu ara wọn bèèrè ni wọn kì í gbàgbé.

Èyí kì í ṣe ọgbọ́n tí a dá fúnra wa. Láti 1970, ní Ilé-Ifẹ̀, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Wọ́n ròyìn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá, kí olùkọ́ má baà sọ pé èdè náà kò ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ gíga.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì òwò, ẹ kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dìde níwájú àwọn tí yóò gbà yín síṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún ìyá yín nínú èdè tí ó gbọ́. Bí ó bá yé e, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ó kù kí ẹ pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Bí kò bá yé e, Gẹ̀ẹ́sì kò lè bá yín bo àṣírí náà pẹ́.