Láti Orí Káńtà dé Ọwọ́ Aráàlú: Ìtàn Àkọsílẹ̀ Ọlọ́pàá ní Èkó àti Festac

Àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá ni ìwé tí téṣàn fi ń tọ́jú ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lágbègbè rẹ̀: ẹni tó wá fẹjọ́ sùn, ẹni tí wọ́n mú, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n mú un, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, àti ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Ó ti lé ní 150 ọdún tí wọ́n ti ń kọ irú ìwé yìí ní Èkó. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún wọ̀nyẹn, ìjọba nìkan ló ni ìwé náà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ kò lẹ́nu níbẹ̀. Ó pẹ́ kí ìwé náà tó di ohun tí ará Apple Junction ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin lè kọ lẹ́tà béèrè fún, kí òfin sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀pá àti gègé

Ṣáájú òyìnbó, ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàìní àwọn tó ń mú arúfin. Akódà ni wọ́n ń pè wọ́n ní ìlú púpọ̀, ọba àti ìjòyè ni wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ fún. Ojúde ọba tàbí ti baálẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ẹjọ́, lójú ẹni tó bá wá. Orí àgbà ni ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n mú lágbájá sí, yóò wá ẹni tọ́rọ̀ ṣojú rẹ̀ lọ.

Ọdún 1861 ni nǹkan yí padà ní Èkó. Lọ́dún náà, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba àṣẹ láti kó ẹ̀ṣọ́ 30 jọ. Nígbà tó sì di ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ, Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Láti ara ẹ̀ṣọ́ kékeré yìí ni wọ́n ti kọ́ ẹgbẹ́ ológun àwọn Hausa tó ń ṣọ́ ìlú. Ní 1896 ni wọ́n dá Ọlọ́pàá Èkó sílẹ̀, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin 1930 ni wọ́n sì pa ọlọ́pàá Gúúsù àti ti Àríwá pọ̀ di Ọlọ́pàá Nàìjíríà. Ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ wọn ni aráàlú rí tó fi sọ wọ́n ní ọlọ́pàá. Gègé tó wà lẹ́yìn káńtà kò hàn sí i, bẹ́ẹ̀ ohun tí gègé bá kọ ló ń dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé ọ̀pá kalẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti wà láàárín kóòtù àti téṣàn. Ìlẹ̀kùn kóòtù ṣí sílẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn Èkó sì ń gbé ẹjọ́ tó ń lọ níbẹ̀ jáde. Ẹjọ́ tó bá dé iwájú adájọ́ di ti gbogbo ayé. Èyí tó bá parí sórí káńtà, káńtà nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ìlẹ̀kùn tó ní ìwọ̀, tí kò ní kọ́kọ́rọ́

Òfin tó ṣàlàyé ẹ̀rí nílé ẹjọ́, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1945, ti fi àyè kékeré kan sílẹ̀. Ó ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìwé ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tó bá béèrè ní ẹ̀dà, kí ẹni náà san owó tí òfin là sílẹ̀, kí òṣìṣẹ́ náà sì kọ orúkọ àti ipò rẹ̀ sí i, kó fi déètì sí i, kó sì jẹ́rìí pé òótọ́ ni ẹ̀dà náà. Títí dòní, irú ẹ̀dà yìí ni adájọ́ ń gbà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú òfin náà tó bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀: ìwé tí ẹni náà bá ní ẹ̀tọ́ láti yẹ̀ wò nìkan ni. Nígbà náà, kò sì sí òfin kankan tó sọ pé aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ìwé ọlọ́pàá wò.

Lẹ́yìn òmìnira ni ìlẹ̀kùn tún wá le sí i. Òfin Àṣírí Ìjọba ti 1962 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún òṣìṣẹ́ láti gbé ìwé tí ìjọba kà sí àṣírí fún ẹni tí kò tọ́ sí. Òṣìṣẹ́ tí kò mọ èyí tó jẹ́ àṣírí nínú ìwé iwájú rẹ̀ a máa ka gbogbo rẹ̀ sí àṣírí, torí kò sẹ́ni tó ń rí ìyà torí pé ó dákẹ́.

Festac àti ìwé ńlá

Àárín ìgbà yìí ni wọ́n kọ́ àdúgbò Festac ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin. Wọ́n kọ́ ọ láti fi gba àlejò Àjọ̀dún Àṣà àti Iṣẹ́ Ọnà Àwọn Aláwọ̀ Dúdú Ẹlẹ́ẹ̀kejì, tó wáyé láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní sí ọjọ́ kejìlá oṣù kejì 1977. Nígbà tí àlejò lọ, wọ́n pín ilé fún àwọn tó kọ̀wé béèrè, èèyàn láti gbogbo ẹ̀yà sì kó wọlé. Níbi tí ọ̀pọ̀ aládùúgbò kò ti mọ ìdílé ara wọn, ọ̀rọ̀ tí àgbà ìbá parí lágbo ilé a máa dé téṣàn. Téṣàn Festac wà níbẹ̀; kọ́mándì agbègbè tí wọ́n ń pè ní Area E náà ń bẹ ní Festac.

Lára ohun tó sábà ń gbé èèyàn lọ síwájú káńtà ni ìwé tó sọnù. Ẹni tí wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Apple Junction, tí ìwé ọkọ̀, káàdì ìdánimọ̀ àti síìmù bá a lọ, yóò kọ́kọ́ lọ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù. Yóò wá gbé e lọ sí téṣàn. Ọlọ́pàá á ṣí ìwé ńlá tó ní ẹ̀yìn páálí, á kọ déètì àti wákàtí, á kọ orúkọ àti àdírẹ́sì, á kọ ohun tó sọnù níkọ̀ọ̀kan, á sì fún ọ̀rọ̀ náà ní nọ́ńbà. Ohun tí ẹni náà ń mú lọ sílé kì í ṣe ojú ìwé yẹn, àyọkà rẹ̀ ni: bébà kan tí nọ́ńbà náà wà lórí rẹ̀, tí ọ̀gá téṣàn fọwọ́ sí, tí wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ mọ́. Báǹkì àti ilé-iṣẹ́ síìmù kò ní gba ẹjọ́ ẹnu. Bébà yìí ni wọ́n ń béèrè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun nìkan ni apá àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá tó ń dé ọwọ́ aráàlú láìsí wàhálà púpọ̀.

Ìwé ẹni tí wọ́n mú kì í jókòó síbì kan. Bí ọ̀rọ̀ bá wúwo, wọ́n á gbé e kúrò ní Festac lọ sí Pàǹtí ní Yàbá, níbi tí ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìpínlẹ̀ wà. Èyí tó bá tún ju ti ìpínlẹ̀ lọ a máa dé Alágbọn ní Ìkòyí, ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti àpapọ̀, orúkọ tí Fẹlá fi sọ àwo orin rẹ̀ kan ní 1974. Ní Alágbọn náà ni wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àwọn tí kóòtù ti dá lẹ́bi, pẹ̀lú ìka wọn tí wọ́n tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fẹ́ lọ gbé òkè òkun, tí ìlú tó ń lọ ní kó mú ìwé-ẹ̀rí ìwà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá wá, fi ń lọ tẹ ìka níbẹ̀: wọ́n á fi ìka náà wo ìwé àtijọ́ bóyá orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọdún 2011 àti ohun tó tẹ̀ lé e

Ìpínlẹ̀ Èkó ló kọ́kọ́ ṣe òfin tuntun lórí bí wọ́n ṣe ń bójú tó ẹjọ́ ọ̀daràn ní Nàìjíríà, ní 2007. Ṣùgbọ́n 2011 ni ìwọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ pàdé. Àwọn oníròyìn àti ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn ti ń jà fún Òfin Òmìnira Ìròyìn, tí wọ́n ń pè ní FOI, láti àwọn ọdún 1990. Àbá rẹ̀ dé ilé aṣòfin ní 1999, Ààrẹ Ọbásanjọ́ kò fọwọ́ sí i ní 2007, Ààrẹ Jonathan ló fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún 2011. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí Òfin Ẹ̀rí tuntun náà jáde, tí gbólóhùn àtijọ́ lórí ẹ̀dà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti yẹ ìwé wò, tí òfin 1945 ń béèrè, FOI ti wá fún gbogbo èèyàn.

Òfin 2015 lórí ẹjọ́ ọ̀daràn, àti Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 lẹ́yìn rẹ̀, wá sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé fúnra rẹ̀. Òfin 2015 ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí wọ́n mú, ẹ̀sùn rẹ̀, ọjọ́ àti bí wọ́n ṣe mú un, iṣẹ́ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ àti gíga rẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n sì gba ìka rẹ̀, láàárín wákàtí 48. Lóṣooṣù ni ọ̀gá téṣàn gbọ́dọ̀ ròyìn fún májísíréètì nípa àwọn tí wọ́n mú láìní ìwé àṣẹ. Ìyẹn fi hàn pé orúkọ ẹni tí wọ́n mú kò yẹ kó wà nínú ìwé kan ṣoṣo.

Ìdí tí ìyẹn fi ṣe pàtàkì hàn lọ́jọ́ kọkànlélógún oṣù kẹwàá 2020, nígbà tí wọ́n dáná sun Kóòtù Gíga ní Ìgbóṣeré àti téṣàn púpọ̀ ní Èkó. Ìwé ẹjọ́ tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ di eérú. Ẹni tó ti gba ẹ̀dà tirẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà ló rí nǹkan mú dání.

Bí ìlẹ̀kùn ti ń ṣí, wọ́n fi odi sí apá kan. Ní 2021, Èkó ṣàtúnṣe òfin rẹ̀, ó sì ka á léèwọ̀ kí ọlọ́pàá máa kó afurasí síwájú àwọn oníròyìn. Òfin ìdáàbòbò dátà ẹni jáde ní 2023. Afurasí kì í ṣe ọ̀daràn, ìwé tó ní wọ́n mú un kì í sì í ṣe ìdájọ́.

Bí wọ́n ṣe ń béèrè

Ibi tí ìwé wà ló ń sọ ẹni tí lẹ́tà yóò lọ bá. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní téṣàn, ọ̀gá téṣàn náà ni. Èyí tó ti dé Pàǹtí, kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ní Ìkẹjà ni. Ẹjọ́ tó ti dé kóòtù, bíi ti Àpápá tàbí ti Òjó, akọ̀wé kóòtù ni. Ẹni tí wọ́n sì ṣẹjọ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin ìpìlẹ̀ láti gba ẹ̀dà ìdájọ́ láàárín ọjọ́ méje lẹ́yìn tí ẹjọ́ bá parí. Bí àríyànjiyàn ti wà nípa bóyá FOI kan ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, Kóòtù Tó Ga Jù Lọ yanjú rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025: ó kàn wọ́n.

Lẹ́tà náà kò gbọ́dọ̀ gùn. Orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti nọ́ńbà inú ìwé ńlá ni wọ́n fi ń wá a. Òfin kò ní kí ẹni tó ń béèrè sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn, ẹni tó bá sì fẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Owó dídà ìwé kọ nìkan ni wọ́n lè gbà. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Wọ́n lè fi méje kún un bí ìwé bá pọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ àti apá òfin tí wọ́n gbé e kà sílẹ̀. Ìwádìí tó ṣì ń lọ, ẹni tó ta ọlọ́pàá lólobó àti ọ̀rọ̀ àdáni ẹlòmíràn wà lára ohun tí wọ́n lè fi pamọ́, àyàfi bí àǹfààní ìlú bá ju ìpalára rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Owó ìtanràn ilé-iṣẹ́ tó bá kọ̀ láìtọ́ jẹ́ ₦500,000.

Ní báyìí, ọlọ́pàá ti gbé àyọkà àti ìwé-ẹ̀rí ìwà sórí íntánẹ́ẹ̀tì nípasẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní POSSAP. Síbẹ̀ ìwé ńlá ṣì wà lórí káńtà, nọ́ńbà rẹ̀ ló sì ń ṣílẹ̀kùn gbogbo ìyókù. Ẹni tó bá kúrò níbẹ̀ láìgba nọ́ńbà rẹ̀, tàbí tó fún wọn ní lẹ́tà láìjẹ́ kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ gbígbà sí ẹ̀dà tirẹ̀, kò ní ohun tí yóò fi ka ọjọ́ méje náà.