Ọrun Onígi ní Ilẹ̀ Ìdáàṣà: Bí A Ti Ń Gbẹ́ Ẹ àti Bí A Ti Lè Wọn Iyára Ọfà Rẹ̀

Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé bí ọfà ti ń lọ jìnnà tó ni wọ́n fi ń mọ ọrun tí ó dára. Àwọn mìíràn, pàápàá láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti dá sí ọ̀ràn náà, a máa bèèrè bí ó ti ń sáré tó. Ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa, àwọn ọmọ Ògún Lákáayé tí ń fi òru ṣe ọ̀sán nínú igbó, ẹran tí ọrun náà ti pa ni wọ́n ń bèèrè. Ohun tí àyẹ̀wò yìí fẹ́ fi hàn ni pé òṣùwọ̀n iyára, bí ó tilẹ̀ péye ju àwọn yòókù lọ, a máa ṣi ẹjọ́ ọrun ilẹ̀ adúláwọ̀ dá, bí a kò bá gbé ìwúwo ọfà, oró ẹnu rẹ̀ àti ilẹ̀ tí a ti ń ta á yẹ̀ wò pẹ̀lú.

Ìdáàṣà, tí àwọn Faransé ń kọ ní Dassa-Zoumè, ìlú ọmọ Jagun Ọlọ́fin, tí àwọn ènìyàn ń ka òkè rẹ̀ sí 41, tí ó sì wà ní nǹkan bí 200 kìlómítà sí àríwá Kútọnu, ni a fi ṣe ojú ìwòye wa, nítorí pé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń fi ìbọn gòkè wá kó ènìyàn lẹ́rú, àwọn àpáta wọ̀nyí ni odi tí ẹnikẹ́ni kò mọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè wó. Láàrin àwọn aládùúgbò rẹ̀ pàápàá, ọrun kì í ṣe àjèjì. Kétu ni àwọn ọmọ wa ní Brazil ń ka Ọ̀ṣọ́ọ̀sì sí ọba rẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé ọrun òun ọfà onírin fún un lọ́wọ́ nígbà ijó títí di òní. Ère idẹ tafàtafà tí ó wà ní Jẹ́bà létí Odò Ọya kí àwọn olè tó jí i gbé, apó ọfà wà lára rẹ̀. Robert Smith, nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ohun ìjà Yorùbá tí ó jáde ní 1967, to ọrun, ọfà àti akatapó pọ̀ mọ́ idà òun ọ̀kọ̀. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, sì ti sọ ṣáájú bí ìbọn àwọn Ìjẹ̀bú ti yí ojú ogun Òwu padà. Láti ìgbà ogun Òwu náà ni ọrun ti ń kúrò lójú ogun díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń padà sọ́wọ́ ọdẹ.

Kí a tó sọ̀rọ̀ iyára, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń bẹ nínú igi. Nígbà tí a bá fa ọrun, ẹ̀yìn rẹ̀, èyíinì ni ojú tí ó kọ sí ẹran, ni a ń nà, ikùn rẹ̀ tí ó kọ sí tafàtafà ni a sì ń fún pọ̀. Igi tí kò bá lè gba ìyà méjèèjì yìí lẹ́ẹ̀kan náà, yálà ẹ̀yìn rẹ̀ á fà ya, tàbí kí ikùn rẹ̀ wó kí ọrun náà sì tẹ̀ láìpadà bọ̀ sípò. Igi yew ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì yàn, àwọn ará Amẹ́ríkà yan osage. Ní ilẹ̀ adúláwọ̀, àwọn igi Grewia ni a ń lò láti apá kan ilẹ̀ náà dé èkejì. Àyìn, tí ó pọ̀ yí òkè Ìdáàṣà ká, le gan-an, ṣùgbọ́n líle nìkan kọ́ ni a ń wá, nítorí igi tí ó le tí kò sì rọ̀ dáadáa a máa ṣẹ́ lójijì. Àwọn àgbà ní igi tí ó tọ́ kì í pẹ́ nígbó, agbẹ́run ni ó sì mọ ìdí rẹ̀ jù: ẹ̀ka tí kò ní kókó, tí iṣan rẹ̀ lọ tààrà láti ìdí dé orí, òun ni a ń wá kiri. Nítorí pé ọ̀pọ̀ igi ilẹ̀ gbígbóná kì í ní àmì ọdún tí ó hàn kedere bí ti ilẹ̀ Òyìnbó, ọ̀nà tí ó dájú ni kí a bó èèpo rẹ̀ kí a sì fi ojú igi tí ń bẹ lábẹ́ èèpo ṣe ẹ̀yìn ọrun, láìjẹ́ kí ọ̀bẹ kan ibẹ̀ rárá, nítorí iṣan kan ṣoṣo tí a bá gé ní ẹ̀yìn ni ibi tí ọrun yóò ti ya.

Gbígbẹ igi jẹ́ iṣẹ́ sùúrù. Igi tútù a máa lọ́ra, igi tí ó gbẹ ju bí ó ti yẹ a sì máa ṣẹ́. Ìwọ̀n tí àwọn agbẹ́run fẹ́ ni kí omi inú rẹ̀ kù sí nǹkan bí 8 sí 10 nínú 100. Àjà ìdáná ni ibi tí ó dára jù fún irú gbígbẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, tí ètè ènìyàn pàápàá ń là, kí a má ṣe fa ọrun gùn ju bí ó ti mọ́ ọn lára lọ. Lẹ́yìn èyí ni fífá, tí ó gba ojú ju ọwọ́ lọ: a fi ọrun há èèkàn lára ògiri, a ń fa ọsán rẹ̀ wálẹ̀ ní ìwọ̀nba, a ń wo bí apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ti ń tẹ̀, ibi tí ó bá le ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni a sì ń fá níkùn, títí apá méjèèjì yóò fi dọ́gba. Orí ọrun ni kí ó tín-ín-rín jù, nítorí òun ni ó ń sáré jù nígbà tí a bá jọ̀wọ́ ọsán. C. N. Hickman, onímọ̀ físíìsì tí ó ṣiṣẹ́ ní Bell Telephone Laboratories, fi hàn ní àwọn ọdún 1930 pé apá ọrun tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ san ju èyí tí ikùn rẹ̀ rí roboto bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́.

Ní ti wíwọn, Saxton Pope ni ó kó ọrun oríṣiríṣi ayé jọ láti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Yunifásítì California, tí ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1923. Jíjìnnà ọfà ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ̀rù àbájáde bẹ́ẹ̀ a máa bà mí díẹ̀, nítorí ọrun tí ó ti gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú àpótí kì í ṣe ẹlẹ́rìí òtítọ́ fún ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Àwọn agbẹ́run òde òní, bíi Tim Baker tí orí ìwé rẹ̀ wà nínú The Traditional Bowyer's Bible ti 1992, yan òṣùwọ̀n kan fún gbogbo ọrun: kí fífà rẹ̀ wúwo tó 50 pọ́n, kí a fà á dé íǹṣì 28, kí ọfà rẹ̀ sì wúwo tó nǹkan bí 32 gíráàmù, bí ọfà náà bá sáré tó mítà 46 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọrun onígi lásán ti ṣe bẹbẹ.

Ẹ̀rọ oníná ni wọ́n fi ń mọ èyí, ṣùgbọ́n kò di dandan. Ní 1742, Benjamin Robins ti Ìlú Ọba ti kọ́ ayé pé bí a bá yìnbọn lu igi tí a so rọ̀, fífì igi náà yóò sọ iyára ọta. Àwọn baba wa ní ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun à ń pọ́n àdá bẹ́, síbẹ̀ níhìn-ín, òun gan-an ni ó yẹ wá, nítorí ọfà a máa wọ inú rẹ̀ láìta padà. Kí a gé ìtì tí ó wúwo tó kílò 3, kí a fi okùn mítà 2 so ó rọ̀ lórí ẹ̀ka, kí a ki ìyẹ́ adìẹ kan bọ ìdí rẹ̀ tí yóò máa fa ilà lórí eérú tí a tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, kí a sì dúró nítòsí ta ọfà tí ó jẹ́ 30 gíráàmù lù ú láàrin gbùngbùn. Sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan tí ìyẹ́ náà bá fà sẹ́yìn dúró fún mítà 2 lé díẹ̀ nínú iyára ọfà, tí ó fi jẹ́ pé ilà 20 sẹ̀ǹtímítà túmọ̀ sí nǹkan bí mítà 45 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lè ṣe ìṣirò náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá jinlẹ̀ nìyí. Paul Klopsteg, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ físíìsì, kọ ọ́ ní 1943 pé kì í ṣe ọfà nìkan ni ọrun ń tì. Ó ń ti apá ara rẹ̀ àti ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ọsán pẹ̀lú, agbára tí àwọn wọ̀nyí bá sì gbà, ọfà kì yóò rí i. Ọsán awọ tí ó nípọn, bí irú èyí tí a ń lọ́ nílẹ̀ wa, a máa jẹ nínú iyára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbà pé ohun tí ọrun kan ń tì mọ́ ọfà tó 15 gíráàmù: ọrun tí ó ta ọfà 30 gíráàmù ní iyára mítà 45 yóò ta ọfà 50 gíráàmù ní mítà 37 péré, síbẹ̀ agbára tí ọfà wíwúwo náà gbé lọ sára ẹran yóò ju ti èkínní lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú méje. Èyí tí ó lọ́ra ni ó lágbára jù. Bí ẹni tí ó ta á bá sì wà lórí àpáta tí ó ga tó 60 mítà, bí irú èyí tí àwọn ará Ìdáàṣà sá gùn, tí a bá yọ ti afẹ́fẹ́ kúrò, ọfà tí ó fi ọrun sílẹ̀ ní mítà 37 yóò dé ìsàlẹ̀ ní mítà 50. Òkè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tó agbẹ́run.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì mẹ́nu kan oró. Esùsú fẹ́ẹ́rẹ́ ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọfà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ adúláwọ̀, ọ̀pọ̀ kò ní ìyẹ́, irin ẹnu rẹ̀ tí ó wúwo ni ó ń mú un lọ tààrà. Oró igi Strophanthus hispidus tí a fi pa á lẹ́nu, ọkàn ẹran ni ó ń dá dúró, nítorí náà, kí awọ ṣáà ti là ti tó. Lugard, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì, tí ọfà Ìbàrìbá wọ̀ lórí ní 1894, yè é, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè ka ọrun tí ó ta á sí ohun ìṣeré.

Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ìdáàṣà, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu, bí ọdẹ àgbàlagbà kan bá ṣì ní ọrun lórí àjà ní àdúgbò yín, ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ wọn ìwúwo fífà rẹ̀, ìwúwo ọfà àti ọsán, fífì ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti oṣù tí ẹ ta á, kí ẹ sì kọ orúkọ igi náà sílẹ̀ bí ọdẹ náà ti pè é.