Òkú Inú Òkìtì Ní Ẹbí

Lọ́dún 1910, Leo Frobenius, ọmọ Jámánì, rí àwọn orí alámọ̀ nílé Ifẹ̀, ó sì ní ọwọ́ àwọn ará Atlantis ló wà níbẹ̀. Ó wà nílé onílé, ó ń bèèrè ta ló ni ìkòkò. Ìwọ̀sí yìí náà ni àwọn òyìnbó tó tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà fi lọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ (onílẹ̀ tòótọ́, kì í ṣe ti Èkó) lórí àwọn òkìtì tí wọ́n sin òkú sí lágbègbè odò Ohio àti Mississippi. Wọ́n ní ẹ̀yà kan tó ti parẹ́ ló mọ wọ́n. Ẹnì kan ní ọmọ Ísírẹ́lì tó sọnù ni, ẹlòmíì ní Viking. Ẹnikẹ́ni ló ṣáà lè jẹ́, àfi baba àwọn tí wọ́n bá lórí ilẹ̀.

Àwọn kan ń bá wọn wí àwáwí pé àìmọ̀ ni. N kò gbà. Thomas Jefferson, tó padà di ààrẹ, gbẹ́ òkìtì kan nítòsí odò Rivanna ní Virginia. Egungun wà níbẹ̀ ní ìpele-ìpele, t'ọmọdé t'àgbà. Ó fojú bù ú sí òkú 1,000. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ní nǹkan bí 30 ọdún ṣáájú, àwọn ọmọ onílẹ̀ kan tó ń kọjá lọ yà kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n gba inú igbó lọ tààrà síbi òkìtì náà, wọn ò bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n dúró pẹ́ díẹ̀, wọ́n fajú ro, wọ́n sì padà sójú ọ̀nà tí wọ́n ti yà kúrò ní nǹkan bíi máìlì 6. Ta ní í ya máìlì 6 lọ kí òkú olókùú?

Àwọn ará Faransé náà bá àwọn ọmọ onílẹ̀ Natchez tí ilé ọba wọn wà lórí òkìtì. Wọ́n wà níbẹ̀ lọ́dún 1725 nígbà tí wọ́n ń sin arákùnrin ọba.

Ẹ̀rí ò wọ́n. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wá. Lọ́dún 1830, ọdún tí Ààrẹ Andrew Jackson fọwọ́ sí òfin láti kó àwọn ọmọ onílẹ̀ kúrò ní ìlà-oòrùn Mississippi, ó sọ fún àwọn aṣòfin pé ìrántí ẹ̀yà alágbára kan tó ti kógbá sílé fún àwọn wọ̀nyí ni òkìtì náà. Ìyẹn ni pé bí ẹ̀yin náà bá lé ẹlòmíì, kí ló ṣe tí a ò ní í lé yín?

Cyrus Thomas, olùwádìí ní iléeṣẹ́ ìwádìí Smithsonian, gba ìtàn ẹ̀yà tó parẹ́ yẹn gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ìwádìí ló yí i lọ́kàn padà; ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1894 fi hàn pé baba ńlá àwọn ọmọ onílẹ̀ ló mọ òkìtì.

Ní Mound City, Ohio, níbi tí òkìtì ti wà láti nǹkan bí 2,000 ọdún, àwọn ológun kọ́ bárékè lé wọn lórí lọ́dún 1917. Ìjọba dáàbò bò ó lọ́dún 1923. UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ogún àgbáyé lọ́dún 2023. Ó dáa. Àmọ́ ọgbà tí a sọ yí ibojì ká, tí a ò dárúkọ ẹbí òkú, ilẹ̀ nìkan ló ń ṣọ́. Àwọn Shawnee, tó ka àwọn tó mọ òkìtì náà sí baba ńlá wọn, ni wọ́n kó kúrò ní Ohio. Oklahoma ni wọ́n ń gbé báyìí, ó ju máìlì 600 lọ síbẹ̀, wọ́n sì ṣì ń wá síbi òkìtì náà.